Òdòdó Àárín Àpáta: Bí A Ṣe Lè Gbìn Ín Sí Àyíká Ilé

Ìbéèrè tí ẹ̀yin tí ń gbé ìlú olókùúta máa ń bi wá ni mo fẹ́ dáhùn lónìí. Ẹ̀yin ará Ìdànrè, Ìkẹ́rẹ́, Abẹ́òkúta, Ìgbẹ́tì àti Ṣakí, ẹ máa ń sọ pé: "Ọ̀gá, àpáta ni gbogbo ẹ̀yìnkùlé wa. Kí la lè gbìn síbẹ̀?" Ẹlòmíràn á ti náwó rẹpẹtẹ fún àwọn tó ń fọ́ òkúta kó tó wá béèrè. Bí òjò bá sì dé, omi á ṣàn wá láti orí àpáta, á gbá ìwọ̀nba erùpẹ̀ tó kù lọ, ìpìlẹ̀ ilé á yọ síta.

Ohun tí mo ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n fi òkúta sílẹ̀, kí wọ́n gbin òdòdó sí àárín rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun láyé. Ní Yúróòpù, àwọn òkè ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Alps. Yìnyín máa ń bo orí wọn fún oṣù púpọ̀ lọ́dún. Lókè ibẹ̀, níbi tí igi kò ti lè hù mọ́, àwọn òdòdó kéékèèké kan ń hù nínú pàlàpálá òkúta. Wọn kì í ga. Ilẹ̀ ni wọ́n ń rá mọ́ bíi tìmùtìmù, kí afẹ́fẹ́ má baà fà wọ́n tu, gbòǹgbò wọn á sì gùn wọlé sí àárín òkúta. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn wọn débi pé wọ́n ń kó òkúta jọ sí ẹ̀yìnkùlé láti fi gbìn wọ́n. Ọgbà egbòogi kan wà ní Chelsea ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ti parí irú ibùsùn òkúta bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1773. Òkúta dúdú tó ti inú òkè oníná jáde ní Iceland wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe é. Ọgbà ńlá tó wà ní Kew náà ṣe tirẹ̀ lọ́dún 1882.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní kí ọmọ òun tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi irúgbìn òdòdó wọ̀nyẹn ránṣẹ́ o. Òfin kò gbà kí a kó irúgbìn wọ̀lú láìgba ìwé àṣẹ, wọn kò sì ní ṣe dáadáa níhìn-ín. Òtútù ni wọ́n fi ń sinmi, ooru ọ̀sán àti ti òru wa á pa wọ́n. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń gbìn wọ́n ni kí a mú. Àwọn tó mọ̀ ọ́n gbìn sọ pé kì í ṣe òtútù ló máa ń pa òdòdó orí òkè nínú ọgbà, bí kò ṣe omi tó dúró sí i lọ́rùn. Ohun kan náà ló ń pa ewéko olómi lára lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó gbin etí erin sínú ilẹ̀ amọ̀, tó rí i pé ó jẹrà ní oṣù Keje, oòrùn kọ́ ló pa á, ọwọ́ aládùúgbò kò sì sí níbẹ̀.

Ẹ wo orí àpáta tiwa náà. Koríko kan wà tó máa ń bo ojú àpáta níbi tí kò sí erùpẹ̀ rárá. Nígbà ọyẹ́, á gbẹ bí ohun tó ti kú. Kí òjò bẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí i tó tún tutù yọ̀yọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe hó o wá sílé, ẹ má sì sun ún. Kì í tètè dàgbà, òun ló sì ń dín agbára omi kù lókè kó tó dé ẹ̀yìn ilé yín.

Èyí tí ẹ ó gbìn kò jìnnà. Àbámọdá ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ewé kan ṣoṣo tí ẹ bá tẹ́ sórí yanrìn tútù á hu ọmọ yí etí rẹ̀ ká. Ọ̀dúndún, etí erin àti ọjà ìkokò tẹ̀lé e. Ìbátan pápásan kan tún wà tí òdòdó rẹ̀ pupa tàbí funfun, tó ń là nígbà tí oòrùn bá mú. Òun ló jọ ti orí òkè Yúróòpù jù, nítorí ilẹ̀ ló ń rá mọ́. Tanná-pòṣó fẹ́ erùpẹ̀ jíjìn, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fún un. Orọ́ dára lójú, ṣùgbọ́n oje rẹ̀ lè ba ojú jẹ́. Bí ọmọdé bá wà nílé, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ wá ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí oòrùn ń dé. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta jìnnà sí ara ògiri, kí ọ̀rinrin má baà wọ ilé. Bí ìpìlẹ̀ bá ti yọ síta, ẹ kọ́kọ́ pe bíríkìlà. Òdòdó kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ la ojú àgbàrá kékeré sókè, kí omi àpáta gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ẹ wa ẹ̀kan tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, nítorí bó bá wọ abẹ́ òkúta, gbogbo rẹ̀ lẹ ó tú.

Àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti òkúta ni kí ó wà nísàlẹ̀, kó nípọn tó íǹṣì mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, ẹ po korobá erùpẹ̀ dúdú kan, yanrìn odò kan àti òkúta wẹ́wẹ́ kan pọ̀, kí ẹ dà á lé e. Ẹ má fi ìgbẹ́ adìyẹ sí i. Mo mọ̀ pé èyí máa ń ṣòro fún àgbẹ̀ ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n ewé á rọ̀ jù, òjò á sì jẹ ẹ́ rà. Ẹ da omi sí i. Bí omi bá ṣì dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ kún un.

Ẹ ri ìdá kan nínú mẹ́ta òkúta ńlá kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀, kí orí rẹ̀ fi ẹ̀yìn ti ọ̀nà òkè, kí òjò lè gba ojú rẹ̀ wọlé dé ibi gbòǹgbò. Ẹ gun un. Bó bá mì, ẹ tún un rì. Ibi tó ṣófo láàárín òkúta ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù: ẹ fi erùpẹ̀ kì í pinpin, nítorí ilé àkeekèé àti ejò ni ihò òkúta. Ẹ má sì ṣe é sábẹ́ fèrèsé yàrá. Òkúta tó ní kòtò tó lè gba omi dúró, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ nítorí ẹ̀fọn.

Oṣù Kẹrin tàbí Ìkarùn-ún, tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, ni kí ẹ gbìn. Ẹ̀ka tí ẹ gé, ẹ tẹ́ ẹ sí ibòòji fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ. Bí ẹ bá gbìn ín tán, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ yí ọrùn rẹ̀ ká, íǹṣì kan. Ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, ẹ máa bomi rin ín lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ láàárọ̀. Ìgbín á fẹ́ fi abẹ́ òkúta ṣe ilé. Ẹ tan iná wá wọn lóru. Ohun tí ẹ ó fi wọ́n ṣe kò ṣẹ̀ṣẹ̀ di ohun tí mo ń kọ́ yín.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó bá fẹ́ kí a wá ṣe é níṣojú wọn, kí wọ́n fi tó òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba ìbílẹ̀ wọn létí kí oṣù Kẹta tó parí, kí wọ́n sì ti kó òkúta jọ dè wá.