'Mo tẹ bọ́tìnì láti dá àṣìṣe padà, ni gbogbo iṣẹ́ mi bá lọ': Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe sọ́fítíwíà sọ

Akọ̀ròyìn ni mí, n kì í ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Àmọ́ orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ń jẹun, ìdí nìyí tí mo fi ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò fún yín.

Mo lọ ṣiṣẹ́ ní Cotonou, lórílẹ̀-èdè Benin, ẹnìkan sì yá mi ní kọ̀ǹpútà. Mo ṣí táàbù bíi mẹ́wàá, mo ń kọ ìròyìn mi sínú ọ̀kan nínú wọn. Mo ṣe àṣìṣe kékeré kan, mo sì tẹ Ctrl àti Z láìwo ọwọ́ mi, kí n lè dá a padà. Táàbù náà pa dé lójijì, ìròyìn mi sì bá a lọ.

Kí ló fà á?

Kíbọọ̀dù Faransé ni. Lórí kíbọọ̀dù tí a ń lò ní Nàìjíríà àti Ghana, Z ló wà nísàlẹ̀ lápá òsì. Lórí ti Faransé, W ló wà níbẹ̀. Ctrl àti W ló sì ń pa táàbù dé. Ipò bọ́tìnì ni ìka mi mọ̀, lẹ́tà ni kọ̀ǹpútà ń wò.

Z, X, C àti V tò tẹ̀lé ara wọn lórí kíbọọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà tí Macintosh ti jáde lọ́dún 1984 ni wọ́n ti ń lo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún dídá iṣẹ́ padà, gígé, dídà kọ àti lílẹ̀ mọ́. Ìtò yẹn rọrùn fún ọwọ́ òsì. Àmọ́ ọwọ́ ta ni? Lórí ti Faransé, Z ti kúrò láàárín wọn.

Táàbù wo ló kàn?

Ẹ tẹ Alt àti Tab lórí Windows, ibi tí ẹ ti kúrò kẹ́yìn ni yóò gbé yín padà sí. Ẹ tẹ Ctrl àti Tab nínú Chrome, táàbù tó wà lápá ọ̀tún ni yóò lọ. Ẹni tó ń fi ìwé méjì wé ara wọn yóò fẹ́ràn ti àkọ́kọ́. Ẹni tó ń ka ojú ewé mẹ́wàá ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé yóò fẹ́ràn ìkejì. Firefox ní kí oníkálùkù yan èyí tó wù ú, ohun tó sì tọ́ nìyẹn.

Lọ́dún 2020, Microsoft da táàbù Edge pọ̀ mọ́ Alt àti Tab. Àwọn kan rí i bí ìdàrúdàpọ̀, àmọ́ ààyè wà láti yọ ọ́ kúrò.

Èyí tó kan èdè wa

Lórí àwọn kíbọọ̀dù Yorùbá kan, Alt apá ọ̀tún la ń tẹ̀ ká tó rí ẹ, ọ àti ṣ. Bákan náà ni Windows ṣe ń ka bọ́tìnì yẹn àti Ctrl pẹ̀lú Alt. Bí sọ́fítíwíà tó ń kó wíńdò jọ bá wá gba Ctrl, Alt àti E fún ara rẹ̀, ẹni tó fẹ́ kọ "ẹ" lè rí wíńdò tó ń fò kiri dípò lẹ́tà. Ó máa rò pé òun ni kò mọ kọ̀ǹpútà lò.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Ẹ má pa táàbù tí ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ láìbéèrè. Ẹ jẹ́ kí èèyàn lè pààrọ̀ ọ̀nà àbùjá tí ẹ yàn fún un. Kí ẹ tó gbé iṣẹ́ yín jáde, ẹ fi kíbọọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Yorùbá dán an wò.

Ctrl, Shift àti T máa ń ṣí táàbù tó pa dé padà. Mo tẹ̀ ẹ́ ní Cotonou: ojú ewé náà padà wá, àmọ́ ìròyìn mi kò padà.

Àwọn àgbà ní kò sí àbùjá lọ́rùn ọ̀pẹ. Ibi tí a bá gbà gùn ún la ó gbà sọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń la àbùjá fún wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí ọ̀nà àbọ̀.