Bukuru, ìlú tí kùsà kọ́

 

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti gbọ́ nípa Perma, lẹ́bàá Natitingou, ní òkè Atakora. Níbẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń wa wúrà. Bí a bá gbọ́ pé wúrà wà nínú ilẹ̀, owó ni ọkàn wa máa ń kọ́kọ́ lọ sí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ìtàn ìlú kan tí wọ́n ti wa ilẹ̀ rẹ̀ tipẹ́. Bukuru ni orúkọ ìlú náà.

Bukuru wà ní Nàìjíríà, nítòsí Jos. Orí òkè tó tẹ́jú ló wà, òkè náà sì ga tó mítà 1,200. Òtútù máa ń mú níbẹ̀ gan-an ní ìgbà ọyẹ́. Àwọn Berom ló ni ilẹ̀ náà. Àgbẹ̀ ni wọ́n. Wọ́n ń gbin fonio, ọkà wẹ́wẹ́ tí àwọn ará Atakora náà ń gbìn.

Tánganran ló wà nínú ilẹ̀ wọn. Òun ni wọ́n fi ń bo irin agolo kí ó má baà dípẹtà. Kí òyìnbó tó dé ni àwọn ènìyàn agbègbè náà ti ń yọ́ ọ, tí wọ́n sì ń tà á fún àwọn oníṣòwò. Kuza ni àwọn Haúsá ń pè é. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa, kùsà, ti wá.

Ní ọdún 1902, ilé-iṣẹ́ òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan, Niger Company, rán ènìyàn lọ wá ibi tí tánganran yìí ti ń jáde. Wọ́n rí i. Kò pẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn fi tẹ̀ lé wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, orí ni àwọn aláàárù fi ń ru ẹrù náà lọ sí etí odò Benue. Ní ọdún 1914, ọkọ̀ ojú irin ti Zaria dé Bukuru. Ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbòòrò. Haúsá dé, Ígbò dé, Yorùbá náà dé. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ nínú àwọn tó lọ ṣòwò ní agbègbè Jos.

Àwọn onílẹ̀ ńkọ́? Òfin òyìnbó sọ pé ìjọba ló ni ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Ìjọba ló ń fún ilé-iṣẹ́ ní ìwé àṣẹ. Oko ń bàjẹ́, ilẹ̀ ọ̀gbìn sì ń dín kù.

Nígbà tó di ọdún 1942, ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́. Àwọn ará Japan gba Malaya, níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń rí ọ̀pọ̀ tánganran. Ni ìjọba bá fi tipátipá kó àwọn ọkùnrin láti àwọn abúlé òkè ọya lọ sí ibi kùsà. Láàrin ọdún 1942 sí 1944, wọ́n ju 100,000 lọ. Oúnjẹ kò tó, ilé kò dára, òtútù ń mú wọn. Àìsàn pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Síbẹ̀, tánganran tí wọ́n rí kò pọ̀ tó bí ìjọba ti retí.

Ní oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1985, iye owó tánganran já wálẹ̀ ní ọjà àgbáyé. Iṣẹ́ tó ti ń jó rẹ̀yìn tẹ́lẹ̀ wá bàjẹ́ pátápátá. Àwọn kòtò ńláńlá ló ṣẹ́kù. Omi kún inú wọn. Ènìyàn ti kú sínú wọn, ẹran ọ̀sìn náà ti kú síbẹ̀. Nínú iyanrìn tí wọ́n dà nù, òkúta kan wà tí ìtànṣán rẹ̀ lè pa ara lára. Kò yẹ kí a fi irú iyanrìn bẹ́ẹ̀ kọ́lé. Ṣùgbọ́n àwọn ará ibẹ̀ kò káwọ́ gbera. Wọ́n ń fa omi kòtò láti gbin tòmátì àti ọ̀dùnkún ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ̀yin ará wa, ní Bẹ̀nẹ̀ náà, ìjọba ló ni ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá mú ìwé wá sí abúlé yín pé òun fẹ́ wa ilẹ̀, ẹ má ṣe tẹ̀ka sí i kí ẹ tó kà á. Bí ẹ̀yin kò bá gbọ́ èdè tí wọ́n fi kọ ọ́, ẹ wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Ẹ béèrè pé: Ọdún mélòó ni wọn yóò lò? Èló ni ẹni tí oko rẹ̀ bàjẹ́ yóò gbà? Omi tí à ń mu ńkọ́? Ta ni yóò dí kòtò? Kí ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, kí ẹ sì fi ọjọ́ sí i.

Owó lè tán láàrin ọdún kan. Kòtò Bukuru ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Ẹ kọ àwọn ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé yín: kùsà, ilẹ̀, kòtò, àṣẹ.

Ó dàbọ̀ o.