Ká Tó Gbé Onílù Wálé

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ bá ọmọ ẹgbẹ́ àti àlejò sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá

  

Gbogbo wa la mọ̀ pé ère onílù tí a máa gbé kalẹ̀ níwájú gbọ̀ngàn ìlú ni ẹ̀bùn ọdún kẹwàá wa. Iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí lọ́wọ́ oníṣẹ́ ọnà n'Íbàdàn, owó tí a dá sì ti wọlé. Ohun tí a kò tíì jókòó sọ dáadáa ni bí onílù yóò ṣe dé Ìjẹ̀bú-Òde láìkán lápá, láìṣe ẹnikẹ́ni léṣe lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́gbọ́n lára àwọn tó ti ṣe irú rẹ̀ rí. Lọ́dún 1504, ní ìlú Florence nílẹ̀ Ítálì, wọ́n gbé ère David tí Michelangelo gbẹ́ kúrò níbi iṣẹ́ lọ sí gbàgede ìlú. Ère náà ga ju mítà 5 lọ. Ọ̀nà náà kò tó kìlómítà kan, síbẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi rìn ín. Wọ́n kan férémù igi yí i ká, wọ́n fi okùn so ó rọ̀ sínú rẹ̀ kó lè máa mì jẹ́jẹ́, èèyàn tó lé ní 40 sì ń fà á lórí ìtì igi tí wọ́n fi ọ̀rá pa. Kó tó jáde rárá, wọ́n ní láti fọ́ ògiri òkè ẹnu ọ̀nà.

Ẹ tún wo Cairo ní Íjíbítì. Lọ́jọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2006, wọ́n gbé ère ọba Ramses Kejì kúrò ní gbàgede iwájú ibùdó rélùwéè lọ sí Giza, torí èéfín ọkọ̀ ń bà á jẹ́. Ó wúwo tó tọ́ọ̀nù 83. Wọ́n fi fóòmù wé e, wọ́n gbé e sínú férémù irin lódindi, ní ìdúró, nǹkan bí wákàtí mẹ́wàá ló sì fi rìn. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ náà tó pé, wọ́n ti fi ẹrù tó wúwo bákan náà dán ọ̀nà wò.

Ẹ ò rí i pé agbára kọ́ ló gbé e débẹ̀. Kí ọkọ̀ tó ṣí ni iṣẹ́ ti parí.

Onílù tiwa kò tó bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 14 ni. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa ṣírò ọ́. Bí pẹpẹ tírélà bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 3, orí onílù ti di ẹsẹ̀ bàtà 17 sílẹ̀, a ò tíì ka igi tí a máa tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, kí a wọn géètì oníṣẹ́ ọnà wa nísinsìnyí. Kí òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná bá wa wọn gíga wáyà láti Ìbàdàn títí dé Òru, títí dé iwájú gbọ̀ngàn.

Bóyá ìdúró ni onílù máa wà tàbí ìdùbúlẹ̀, ẹni tó mọ ibi tí irin wà nínú rẹ̀ ni kó sọ. Ìdí rẹ̀ àti férémù rẹ̀ ni ká dè mọ́ ọkọ̀. Kí okùn má kan ọrùn, kó má kan apá tó na kọ̀ǹgọ́ síta. Bí ọkọ̀ bá sì rìn díẹ̀, kó dúró, ká tún okùn fà, torí gbogbo okùn ló ń dẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń mì.

Àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ báǹkì kì í gbé owó láti ẹ̀ka kan dé èkejì láìní inṣọ́ránsì. Ti tírélà fúnra rẹ̀ lè má kan ẹrù tó wà lórí rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ ra ti ẹrù lọ́tọ̀. Kí a sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ṣáájú, kí wọ́n bá wa sìn ín.

Èyí tó ká wa lára jù rèé. A máa ń rí ọmọkùnrin tó ń dúró sórí ẹrù gíga, tó ń fi igi gbé wáyà iná sókè kí ọkọ̀ lè kọjá. Kò gbọdọ̀ sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lórí ẹrù tiwa. Bí wáyà bá rẹlẹ̀, kí ọkọ̀ dúró títí oníná yóò fi dé, bó tilẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ère tó bá kán ṣeé tún mọ. Ọmọ ọlọ́mọ kò ṣeé tún mọ.

Lákòótán, ẹnì kan ṣoṣo ni kó ní àṣẹ láti sọ pé “ẹ dúró,” kí ààrẹ wa pàápàá sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu lọ́jọ́ náà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. A rọ̀ yín kí ẹ fọwọ́ sí owó ìrìnnà yìí ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ìnákúnàá.

Onílù á délé láyọ̀, àwa náà á sì jó níwájú rẹ̀. Ẹgbẹ́ wa á gbó, á tọ́.