Àìríṣẹ́ṣe ní Ìdálẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, tí oṣù ń gun orí oṣù, tí wọn kò sì tíì rí òmíràn. Àìríṣẹ́ṣe kò dára níbikíbi, ṣùgbọ́n ti ìdálẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí kò níṣẹ́ ní Ìbàdàn tàbí ní Adó-Èkìtì lè rí yàrá kan sùn sí nílé bàbá rẹ̀, ẹnìkan yóò sì ro àmàlà fún un jẹ. Ní Lọ́ńdọ̀nù, bí oṣù bá ti parí, owó ilé gbọ́dọ̀ pé.

Kí ni ó ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ọ̀pọ̀ yóò dáhùn pé owó ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó nìkan. Abúlé kan wà ní ilẹ̀ Ọ́síríà tí ń jẹ́ Marienthal, tí ó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ṣoṣo ni àwọn ará ibẹ̀ gbójú lé. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà kógbá wọlé ní nǹkan bí ọdún 1930, Marie Jahoda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wádìí bí àwọn ènìyàn náà ti ń gbé, wọ́n sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1933. Ohun tí wọ́n rí yani lẹ́nu. Àwọn tí ó ní àkókò rẹpẹtẹ kò kàwé tó bí wọ́n ti ń kà á tẹ́lẹ̀. Ìwé tí wọ́n ń yá ní ilé-ìkàwé dín kù gidigidi. Àwọn ọkùnrin tí kò sí ibi tí wọ́n ń kánjú lọ kò lè sọ ohun tí wọ́n fi ọjọ́ wọn ṣe.

Jahoda fúnra rẹ̀ di ará ìdálẹ̀ nígbà tí ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1937. Ó tún padà sórí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé tí ó kọ ní 1982, ọdún tí àwọn aláìríṣẹ́ ní Bìrìtéènì lé ní mílíọ̀nù 3. Ó ní yàtọ̀ sí owó, ohun 5 ni iṣẹ́ ń fún ènìyàn: ó ń pín ọjọ́ fún un, ó ń mú un bá ẹni tí kì í ṣe ará ilé rẹ̀ pàdé, ó ń jẹ́ kí ó lọ́wọ́ nínú ohun tí ó ju agbára òun nìkan lọ, ó ń fún un ní ipò láwùjọ, ó sì ń mú kí ara àti ọkàn rẹ̀ máa ṣiṣẹ́ déédéé.

Ẹ wá fi èyí wé ti ọmọ Yorùbá ní ìdálẹ̀. Nílé, ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ìsìnkú àti ìsọmọlórúkọ yóò ṣì máa pe aláìríṣẹ́ jáde. Ní ìdálẹ̀, ibi iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìlú rẹ̀. Bí ìyẹn bá ti lọ, ó ku òun àti ògiri yàrá. Bí ó bá sì jẹ́ oṣù Kejìlá, tí ilẹ̀ ń ṣú kí aago 4 ìrọ̀lẹ́ tó lù, ọjọ́ lè kọjá kí ó má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ìwé ìgbélùú tún wá mú ọ̀rọ̀ náà le. Ẹni tí agbanisíṣẹ́ kan bá gbà wọ̀lú, iṣẹ́ náà ni ó so ó mọ́ ìlú. Bí iṣẹ́ bá bọ́, ó sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ 60 ni ìjọba ń fún un láti wá ọ̀gá mìíràn tàbí kí ó kúrò. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, Bìrìtéènì ṣí ọ̀nà fún àwọn tí yóò máa tọ́jú arúgbó àti aláìlera. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ta ilẹ̀, wọ́n ta ọkọ̀, wọ́n lọ. Àwọn kan débẹ̀, wọn kò bá iṣẹ́ tí a ṣèlérí fún wọn. Àwọn mìíràn ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni ìjọba gba àṣẹ kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá wọn. Láàrin oṣù Keje 2022 àti oṣù Kejìlá 2024, irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ tí ó lé ní 470 ni a fagi lé nínú iṣẹ́ ìtọ́jú nìkan. Òṣìṣẹ́ tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ni ó jìyà rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí kò gbọdọ̀ máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi bí ẹni pé orí òun ni kò dára.

Kí ni ṣíṣe? Ohun àkọ́kọ́ ni kí ó mọ ibi tí òun dúró lábẹ́ òfin. Kí ó ka lẹ́tà ìjọba ní àkàyé, kí ó sì ka iye ọjọ́ tí ó kù fún un. Ìwé ìgbélùú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà wọ́n láàyè láti gba owó ìrànwọ́ ìjọba. Síbẹ̀, owó kan wà fún aláìríṣẹ́ tí ó ti ń san owó ìdójútòfò ìjọba láti ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún 2 sí 3. A kì í ka ìyẹn mọ́ owó tí a kà léèwọ̀, ó sì lè tó oṣù 6. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀, wọn kò sì béèrè. Ẹgbẹ́ Citizens Advice, tí a dá sílẹ̀ ní 1939, a máa gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó ṣọ́ra fún àwọn gbájú-ẹ̀ tí ń pe ara wọn ní amọ̀fin: òfin ọdún 1999 kò gba ẹni tí kò láṣẹ láyè láti máa gbani nímọ̀ràn lórí ìwé ìgbélùú. Kí ó má sì fi orúkọ ẹlòmíràn ṣiṣẹ́. Àtùnṣe tí yóò ba ọ̀nà jẹ́ títí láé kì í ṣe àtùnṣe.

Ohun kejì ni owó àjọ. Àwọn ènìyàn wa gbé èésú dání lọ sí òkèèrè. Àní ní Trinidad, "susu" ni wọ́n ń pè é títí di òní. Ẹni tí kò tíì kó àjọ tirẹ̀ lè bẹ̀bẹ̀ kí a kó o fún òun ṣáájú. Ẹni tí ó ti kó tirẹ̀ ṣáájú ni kí ó tètè tọ olórí àjọ lọ. Ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ ìdáwó tó pé, wọn yóò bá a wá ọgbọ́n sí i. Ẹni tí ó bá pa fóònù rẹ̀ ti sọ orúkọ rere nù, orúkọ náà sì ni ohun ìní tí ó kù fún un.

Ohun kẹta ni ó le jù: òótọ́ sísọ fún àwọn ará ilé. Ọ̀pọ̀ ń yá owó láti fi ránṣẹ́ sílé, kí a má baà mọ̀ pé nǹkan kò lọ déédéé. Gbèsè yóò gun orí gbèsè, ọkàn yóò sì máa jóná. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Kò pọn dandan kí ó sọ ọ́ fún gbogbo ẹbí, kí ó wá àgbà kan tí ẹnu rẹ̀ kò já, kí ó sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi láti oṣù 4 sẹ́yìn. Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé kí wọ́n ní sùúrù." Ẹ̀gbọ́n yóò mọ bí òun yóò ti gbé e kalẹ̀.

Ohun kẹrin ni kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín ọjọ́. Kí ó jí ní aago tí ó ń jí tẹ́lẹ̀, kí ó wẹ̀, kí ó wọṣọ, kí ó sì jáde. Ilé-ìkàwé ìjọba kì í gba owó ìwọlé. Ooru wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, ènìyàn sì wà níbẹ̀. Òwúrọ̀ ni kí ó fi kọ ìwé ìwáṣẹ́. Ọ̀sán ni kí ó fi kọ́ ohun tuntun, tàbí kí ó ran ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lọ́wọ́. Bí iṣẹ́ tí ó kéré sí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ bá yọjú, tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ sì gbà á láyè, kí ó má fi ojú tín-ín-rín wò ó. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láàrin 1950 sí 1970 fọ abọ́, wọ́n pín lẹ́tà, kí wọ́n tó di amọ̀fin àti oníṣirò owó.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, iṣẹ́ yín wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí ẹ bá pe ọmọ yín ní ìdálẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó jẹun, bóyá ó sùn dáadáa, kí ẹ tó dárúkọ owó ilé-ìwé àbúrò rẹ̀. Bí ó bá sì ní òun fẹ́ padà wálé, ẹ má bi í pé kí ni ó mú bọ̀. Àjò kò lè dùn kí onílé má rele. Bí ó bá mọ̀ pé ìlẹ̀kùn ilé ṣí sílẹ̀, yóò lè fi ọkàn tí ó balẹ̀ yan láti dúró tàbí láti padà, kì yóò sì jẹ́ pé ìtìjú ni ó dá a dúró sí ibi tí ìyà ti ń jẹ ẹ́.