Ẹ̀rọ Tí Ń Ronú Bí Ènìyàn

 

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kan ni mo fẹ́ bá yín sọ. AI ni wọ́n ń pè é. Inú fóònù ni àwọn ọmọ wa ti ń bá a sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá bi í ní ìbéèrè, yóò dáhùn. Bí ẹ bá ní kí ó kọ lẹ́tà, yóò kọ ọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ilé iṣẹ́ OpenAI ní Amẹ́ríkà gbé ChatGPT jáde. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ AI ti gba ẹnu gbogbo ayé.

Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń ronú? Bí mo bá ní, "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́," ẹ̀yin yóò ní, "ròde." Kí ló jẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n? Ẹ ti gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ yìí. Wọ́n fi ìwé tí kò lóǹkà kọ́ ọ, ó sì mọ ọ̀rọ̀ tó sábà ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀. Ní 2024, wọ́n tún gbé irú èyí jáde tí ń rò ó ní ìpele ìpele kí ó tó fèsì, bí ẹni ń ṣe ìṣirò.

Ó wúlò. Ó pẹ́ tí àwọn ará Èjìgbò ti ń lọ ṣòwò ní Àbíjàn. Bí ìwé bá ti ọ̀hún wá ní èdè Faransé, ẹ̀rọ yìí lè sọ ọ́ di Yorùbá. Ti oko ńkọ́? Wọ́n ti ṣe ọ̀kan tó ń jẹ́ Nuru. Yunifásítì Penn State ní Amẹ́ríkà àti ilé ìwádìí IITA, Ìbàdàn, wà lára àwọn tó ṣe é. Àgbẹ̀ yóò gbé fóònù sí ewé ẹ̀gẹ́, ẹ̀rọ yóò sì sọ àrùn tó rí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o. Ẹ̀rọ yìí kì í tijú. Ohun tí kò mọ̀, ó lè hùmọ̀ rẹ̀, kí ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó dá a lójú. Ìwé Yorùbá tí ó kà kò sì tó ti Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà àṣìṣe rẹ̀ lè pọ̀ sí i ní èdè wa.

Ẹ rò ó wò. Ká ní àgbẹ̀ kan ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn bi í pé, ìdérí oògùn koríko mélòó ni òun yóò dà sínú omi? Ẹ̀rọ ní mẹ́wàá. Ara ike ní mẹ́ta. Bí oko bá jó, ta ni yóò jẹ gbèsè? Ẹ̀rọ kò ní oko, ebi kì í sì í pa á. Nítorí náà, ẹ ka ara ike. Ẹ bi òṣìṣẹ́ àgbẹ̀. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ń kọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Èjìgbò níhìn-ín. Ẹ bi wọ́n níbẹ̀.

Ewu kejì ni ti gbájú-ẹ̀. Wọ́n lè fi AI sín ohùn ènìyàn jẹ. Ìyá kan lè gbé fóònù kí ó gbọ́ pé, "Ìyá, ọlọ́pàá mú mi ní Àbíjàn. Ẹ tètè fi owó ránṣẹ́." Ohùn ọmọ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ. Ẹ pa fóònù náà. Ẹ pe nọ́ńbà tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ bi í ní oríkì tí ìyá àgbà fi ń kì í. Ẹ má sì sọ nọ́ńbà àṣírí báńkì yín fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ènìyàn, ìbáà ṣe ẹ̀rọ.

Láyé àtijọ́, ẹni tí kò mọ̀wé a máa sanwó fún akọ̀wé kí ó bá òun kọ lẹ́tà. Bí akọ̀wé bá fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un, ẹni tó ni lẹ́tà kò ní mọ̀. Akọ̀wé tuntun ni ẹ̀rọ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ti mọ ìwé kà báyìí. Bí ó bá kọ ọ́ tán, ẹ kà á kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kí ẹ̀rọ gbọ́n tirẹ̀, kí àwa náà má fi ọgbọ́n tiwa sílẹ̀.