Àwo Kan, Ìdájọ́ Méjì

Bí àwo orin tuntun bá jáde, ta ni ó yẹ kí ó sọ fún wa bóyá ó dára? Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn àwọn olórin Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin kan dáhùn.

Ní ọdún 1968 ni Jimmy Page, ògbólógbòó nínú gìtá títa, kó ẹgbẹ́ kan jọ ní London. Robert Plant ni ó ń kọrin, John Bonham ni onílù, John Paul Jones sì ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Led Zeppelin ni wọ́n pe ara wọn. Nǹkan bíi wákàtí 36 péré ni wọ́n fi gba ohùn àwo wọn àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ó jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1969.

Blues ni ìpìlẹ̀ orin wọn. Àwọn ènìyàn dúdú ìhà gúúsù Amẹ́ríkà, àrọ́mọdọ́mọ àwọn tí a kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà, ni wọ́n dá orin yìí sílẹ̀. Willie Dixon, ọmọ Mississippi, lọ́wọ́ nínú kíkọ méjì nínú orin mẹ́sàn-án tí ó wà nínú àwo náà.

Kí ni àwọn alárìíwísí wí? Nínú ìwé ìròyìn Rolling Stone, John Mendelsohn gbà pé Page mọ gìtá í ta, ṣùgbọ́n ó ní àwọn orin tí ó kọ kò lágbára, àti pé ẹgbẹ́ Jeff Beck ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú. Ní London, Felix Dennis kan sáárá sí àwo kan náà nínú ìwé ìròyìn Oz. Àwọn tí ń ra àwo kò tilẹ̀ dúró gbọ́ ti ẹnikẹ́ni: ó dé ipò 10 ní Amẹ́ríkà, ó sì dé ipò 6 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2003, ìwé ìròyìn Rolling Stone tí ó ti bú u fúnra rẹ̀ fi í sí ipò 29 láàárín 500 àwo tí ó dára jù lọ.

Ṣé alárìíwísí kò wúlò nígbà náà? Ó wúlò púpọ̀, bí ó bá lè bèèrè ohun tí ẹni tí ń jó kì í rántí bèèrè: ta ni ó ni orin? Nínú àwo wọn kejì, ní ọdún 1969 kan náà, orin kan wà, "Whole Lotta Love", tí ọ̀rọ̀ Dixon wà nínú rẹ̀ láìsí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1985, bàbá náà pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní 1987 wọ́n yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn, orúkọ rẹ̀ sì wọlé sára àwọn tí ó kọ ọ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, àwọn àgbà ní agbẹjọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ ka ohun tí alárìíwísí kọ, kí ẹ sì fi etí ara yín gbọ́ àwo náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, kí ẹ mọ ẹni tí iṣẹ́ jẹ́ tirẹ̀. Ó di ọjọ́ mìíràn o.