Ìwé Ìgbanisíṣẹ́ àti Àlàfo Àárín Olówó òun Mẹ̀kúnnù



Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì kan láìní ìwé ìgbanisíṣẹ́. Nígbà tí àìsàn dá mi dùbúlẹ̀ fún oṣù méjì, ẹlòmíràn ni mo padà bá lẹ́nu iṣẹ́ mi. N kò gba kọ́bọ̀. Akọ̀wé wa bímọ lọ́dún náà. Owó oṣù rẹ̀ kò dúró. Mo rò pé ojúure ni. Ìwé ni.

Ní Nàìjíríà, nínú 100 òṣìṣẹ́, ó lé ní 90 tí kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Ìjọba sọ owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000 ní 2024, ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú ìwé ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí a bá ń fún àwọn tó ti rí jẹ nìkan ní ìwé, àlàfo yóò máa fẹ̀ sí i. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ ẹni ìsàlẹ̀, yóò dín kù. Láàrin 2003 sí 2014, Brazil mú ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ wọ inú ìwé, wọ́n sì ń fi kún owó oṣù tó kéré jù. Àlàfo wọn dín kù.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ ìwé fún ọmọ iṣẹ́ yín: iye owó rẹ̀, ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, ohun tí yóò gbà bó bá ń lọ. Ètò owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn oníṣẹ́ kéékèèké ti wà láti 2019. Ẹ ràn wọ́n lọ́wọ́ láti forúkọ sílẹ̀. Ibi iṣẹ́ ẹni la ti ń jẹ. Ẹ jẹ́ kí àwọn náà jẹ níbẹ̀.